Ibùsùn Àgùntàn Tí Mo Fi Gba Ìyẹ̀fun

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá

Òtútù ọmọdé. Mọ́kànlá lábẹ́ òdo láàárọ̀. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n ó kàn wá kí wa ni.

Bàbá mi pè láti ìgboro. Dókítà sọ pé egungun ìdí rẹ̀ tó dá nígbà tó jábọ́ lórí ẹṣin kò ní jinná kí ìgbà òtútù tó parí. Ó ní kí n máa tọ́jú ẹran. Kò sọ pé òun fọkàn tán mi. Ohun tó sọ ni pé kò sí ẹlòmíràn. Àgùntàn àti ewúrẹ́ wa jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún, màlúù mẹ́rìnlá, ẹṣin mọ́kànlélógún. Bí ìdajì bá kú, a ó kó lọ sí ìgboro, òun á sì di ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ó sọ èyí bí ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́.

Mo fi í lọ́kàn balẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantutù ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ulaanbaatar, olú ìlú wa. Bí ẹnì kan bá wà ní àfonífojì yìí tó mọ ohun tí òtútù ń rò, èmi ni.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ìyá àgbà bá ọkọ̀ lọ wo bàbá mi, ọmọ rẹ̀. Kó tó lọ, ó fún mi ní òfin mọ́kànlélógún. Mo rántí mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iṣẹ́ ńlá ti parí. Ilẹ̀ ọgbà àgùntàn kún fún imí ọjọ́ pípẹ́ tí ẹran ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi dì bí búrẹ́dì, ó ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ọkùnrin kan tó ń gbin kùkúḿbà nínú ilé ọ̀rá ń kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní òun ń wá ajílẹ̀. A fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ méjì. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì fún mi ní àpò ìyẹ̀fun méjì àti epo lítà márùn-ún. Àpò ìyẹ̀fun kan ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin túgúrígì, owó ilẹ̀ wa, ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọkùnrin náà tilẹ̀ ń tì mí, nítorí mo rò pé mo ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ilẹ̀ ọgbà náà mọ́ débi pé ènìyàn lè jókòó jẹun níbẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyá àgbà dé. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù tó fi gba ẹnu ọgbà kọjá. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Galsan."

"Ẹ̀n, Ìyá àgbà."

"Ibùsùn àwọn àgùntàn dà?"

"Mo ti gbá a. Ìdọ̀tí ni."

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Kí lo fi sábẹ́ sùn lánàá?"

"Ẹní onírun méjì àti awọ àgùntàn."

"Kí ló dé tí o ò gbá ìyẹn náà dànù?"

Ó ní bàbá bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ ibùsùn yẹn lọ́dún tí òun kọ́kọ́ wọlé ọkọ, pé ooru ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde bí ara ènìyàn, pé lórí ilẹ̀ lásán kò sí àgùntàn tí yóò gbà láti dùbúlẹ̀. Ó béèrè ibi tó wà. Mo sọ fún un. Ó jókòó.

"Kùkúḿbà," ló wí.

"Ṣé ká sọ fún bàbá mi?"

"Egungun kan ló dá lára rẹ̀. Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Ọjọ́ kejìlélógún

Ìṣòro ìmọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sì máa yanjú rẹ̀. Mo tẹ́ páálí sí gbogbo ilẹ̀ ọgbà ní ìpele mẹ́ta, mo sì fi àkísà àgọ́ onírun wa bò ó.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Àwọn ewúrẹ́ ti jẹ páálí náà tán.

Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kejìlá

Yìnyín bọ́ dé kókósẹ̀. Owó ìdì koríko gbígbẹ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Mo ra ogún. Màlúù wọ ẹ̀wù tí Ìyá àgbà rán fún wọn láti ara aṣọ òtútù bàbá mi tó ti gbó. Èyí tó ga jù nínú wọn jọ bàbá mi gan-an.

Ọjọ́ kejìlá

Méjìlélọ́gbọ̀n lábẹ́ òdo. Àwọn àgùntàn kì í dùbúlẹ̀ mọ́. Bí mo bá ṣí ọgbà láàárọ̀, orí ìdúró ni mo ń bá wọn, bí èrò tó ń retí ọkọ̀ tí kò ní dé. Ìyá àgbà ní àgùntàn tó bá ń sùn lórí ìdúró, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ. Méjì ti kú.

Ọjọ́ kejìlélógún

Òní ni mẹ́sàn-án kìíní bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án la fi ń ka ìgbà òtútù, gbogbo rẹ̀ ló sì wà níwájú wa. Ìyá àgbà gbé abọ́ ọtí wàrà síta láàárọ̀ láti fi dán òtútù wò. Kí tíì tó hó, ọtí ti dì. Ó yí abọ́ náà dojú dé, kò kán.

"Òtútù ti wọṣẹ́," ló wí.

Àwa náà wọṣẹ́. Ẹran mẹ́sàn-án ti kú báyìí. Bírò mi dì, pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ èyí.

Nígbà tí a jẹun tán, Ìyá àgbà sọ ohun tí mo mọ̀ pé ó máa sọ. "Ibùsùn kan wà lẹ́yìn òkè."

Ti Bàbá Yadam, aládùúgbò wa, ni. Ó nípọn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọdún méje rèé tí bàbá mi àti Bàbá Yadam kò ti bára wọn sọ̀rọ̀, látìgbà tí akọ ẹṣin Bàbá Yadam da abo ẹṣin wa mẹ́rin lọ, tí bàbá mi sì lọ dà wọ́n padà láì yà kí i. Abo ẹṣin kì í ṣe ẹjọ́. Àìkí ni ẹjọ́.

"Ẹ ò bá lọ, Ìyá àgbà. Wọ́n á bu ọlá fún yín."

"Èmi kọ́ ni mo ta ibùsùn."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ. Mo pariwo kí n tó sọ̀ lórí ẹṣin pé kí wọ́n di ajá wọn mú. Ajá náà ti kú láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àlejò ṣe ń wọlé lọ́dọ̀ wa. Horloo, ọmọbìnrin Bàbá Yadam, jáde, ó di afẹ́fẹ́ lásán mú lọ́rùn, ó ní, "Mo ti dì í mú, máa wọlé, enjiníà."

Bàbá Yadam bu tíì oníyọ̀ fún mi.

"Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, Bàbá Yadam. Ṣé àlàáfíà lẹ fi ń lo òtútù?"

"Àlàáfíà ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni."

"Ẹran ńkọ́?"

"Wọ́n sanra."

"Tiwa náà sanra."

Mẹ́ta nínú àwọn tó sanra náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn lábẹ́ tapólì, ẹsẹ̀ wọn yọ síta. Èmi àti Bàbá Yadam kò rí wọn. Mo mu abọ́ mẹ́ta, mo dúpẹ́, mo gun ẹṣin padà.

Ìyá àgbà béèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo ní wọ́n ní àlàáfíà ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo tún lọ. Àlàáfíà ni.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo pàdé Horloo létí kànga tí wọ́n ń fi àáké fọ́ yìnyín ojú rẹ̀. Ó ń fún àwọn ẹṣin wọn lómi.

"Tíì wa mà dùn o, Galsan. Ìwọ nìkan lo ti mu ewé ọ̀sẹ̀ kan."

"Mo wá kí bàbá yín ni."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ mẹ́ta? Ṣé èmi lo wá fẹ́ ni àbí kí ló dé? Bí èmi bá ni, sọ, kí n lè tètè kọ̀ ọ́. Mo níṣẹ́ láti ṣe."

Mo ní kì í ṣe òun. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀, kò wò mí. Òtútù ọdún tó kọjá pa ẹran wọn títí ó fi ku ọgọ́ta. Ọgbà wọn gba irínwó. Ibùsùn náà gbóná nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọgọ́ta àgùntàn kò lè mí èémí tó máa mú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ gbóná. Wọ́n dùbúlẹ̀ dáadáa, òtútù sì ń ti òkè pa wọ́n.

Mo ronú lé e nígbà tí mò ń lọ sílé. Àgùntàn kan dà bí gílóòbù iná kan tó ń jẹ koríko. Gílóòbù wà lọ́wọ́ wa, ilé kò sí. Àwọn ní ilé, gílóòbù wọn kò tó. Gbogbo wa sì ń lo òtútù ní àlàáfíà.

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Mẹ́tàlélógún ti kú. Mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo mu abọ́ kìíní.

"Ẹran ńkọ́?" ni Bàbá Yadam wí.

"Bàbá Yadam, àlàáfíà kọ́."

Horloo gbójú sókè. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́sàn-án kìíní.

"Kí ló dé?"

"Mo ta ibùsùn àgùntàn wa fún ẹni tó ń gbin kùkúḿbà."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Horloo dìde, ó jáde, a sì ń gbọ́ ọ níta láàárín àwọn ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Títí kan erùpẹ̀."

"Kí ló fún ọ?"

"Ìyẹ̀fun àpò méjì. Àti epo."

"Epo tí wọ́n fi ń se oúnjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lítà márùn-ún."

Ó mi orí bíi dókítà tó gbọ́ orúkọ àìsàn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Tiwa náà ń kú," ló wí. "Mọ́kànléláàádọ́ta ló ṣẹ́kù."

"Ẹ jẹ́ kí tiwa àti tiyín sùn pọ̀."

"Bàbá rẹ ló máa béèrè, kì í ṣe ìwọ. Ohun tí àgbà fi ẹnu rẹ̀ dì, ọmọ kì í fi ẹnu tirẹ̀ tú u."

Ọjọ́ kejì, Oṣù Kìíní

Èmi àti Bàbá Yadam gun orí òkè tí fóònù ti ń gbé. Mo fi fóònù sí abẹ́ apá, nítorí bí bátìrì bá tutù, ó ti tán nìyẹn. Mo pe bàbá mi, mo gbé fóònù fún Bàbá Yadam. A jọ fi etí sí i.

"Sodnom."

"Ta nìyẹn?"

"Yadam."

"Ṣé àlàáfíà lẹ fi ń lo òtútù?" ni bàbá mi wí.

"Àlàáfíà ni. Ìdí rẹ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà lẹ́yìn mi. Akọ ẹṣin rẹ pupa yẹn ńkọ́?"

"Ó kú lọ́dún tó kọjá."

"Óò. Ẹṣin gidi ni."

"Ẹṣin gidi ni."

"Òtútù yìí le," ni bàbá mi wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ ibùsùn bàbá mi. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ǹ bá má lè sùn níbi tí mo wà yìí. Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibùsùn yẹn á bá a ṣe é."

Bàbá Yadam wò mí. Èmi ń wo ojú ọ̀run. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé bàbá mi kò lè béèrè. Ènìyàn kì í béèrè fún ohun tó rò pé òun ní. Ó yé Bàbá Yadam náà. Mo rí bó ṣe gbé e mì, bí ẹni tó gbé egungun mì.

"Sodnom," ló wí. "Ẹran mi kò pọ̀ tó láti mú ọgbà mi gbóná. Mo fẹ́ kí tìrẹ wá bá wọn sùn."

"Kó tìrẹ wá sọ́dọ̀ wa."

"Koríko ti ẹ̀yìn òkè ló ṣì dára."

"Ó dáa," ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ sì ti ga bíi ti baálẹ̀. "Kí Galsan kó wọn lọ. Aládùúgbò ni wá, ṣebí."

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Yadam ní, "Ó ti béèrè."

"Bàbá Yadam, ẹ̀yin ni mo gbọ́ tó béèrè."

"Etí ọmọdé kì í gbọ́ nǹkan tán."

Ọjọ́ kẹrin

A kó lọ. Àgọ́ wa wà lórí kẹ̀kẹ́ màlúù méjì, Ìyá àgbà sì wà lórí àgọ́. Nígbà tí a ṣí ọgbà Bàbá Yadam, àwọn àgùntàn wa wọlé, wọ́n gbóòórùn ilẹ̀, àwọn tó wà níwájú sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó gba ìròyìn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi dùbúlẹ̀. Èéfín èémí dìde lórí wọn. Mo ki ọwọ́ sínú ibùsùn náà. Ó gbóná bí abẹ́ adìyẹ.

Bàbá Yadam dúró sẹ́yìn mi. "Fún ìyẹ̀fun àpò méjì," ló wí, ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ìjì yìnyín fún ọjọ́ mẹ́ta. A so okùn láti àgọ́ dé ọgbà, òun la fi ń rìn. Mọ́kànlá kú nínú tiwa, méjì nínú tiwọn. Ewúrẹ́ ló pọ̀ jù. Ọ̀rá wọn kò tó nǹkan, ẹnu nìkan ni wọ́n ní.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Oòrùn mú díẹ̀ lánàá, ó yọ́ ojú yìnyín, òtútù sì tún dì í. Ojú ilẹ̀ dà bí díńgí, àgùntàn kò lè fi pátákò fọ́ ọ. Horloo da gbogbo ẹṣin jọ, tiwa àti tiwọn, ó ní kí wọ́n lọ níwájú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n jẹ orí koríko. Àgùntàn tẹ̀ lé wọn, wọ́n jẹ ìdí rẹ̀. Èmi ló kẹ́yìn, kò sí ohun tó ṣẹ́kù fún mi láti jẹ.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí nílé ìwé yín?" ni Horloo béèrè.

"Ètò ìpínfúnni."

"Àwa ń pè é ní ẹṣin."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mẹ́sàn-án kẹrin. Mẹ́tàlélógójì lábẹ́ òdo. Ẹran kankan kò kú.

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ẹran kankan kò kú.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mẹ́sàn-án karùn-ún. Ìyá àgbà gbé abọ́ ìrẹsì síta láàárọ̀ bó ti yẹ, torí mẹ́sàn-án karùn-ún ni ìrẹsì sísè kì í dì mọ́. Kò dì. Ó pe gbogbo wa jáde wá wo ìrẹsì. Gbogbo wa dúró yí abọ́ ká, a ń wo ìrẹsì tútù bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà Bàbá Yadam jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Ọmọ àgùntàn ti ń dé. Inú àgọ́ wa ni mẹ́rìnlá ń gbé, ọ̀kan ń mu nínú bàtà mi. Abo kan kọ ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó tì í láti àárọ̀, ó ń kọ orin kan ṣoṣo sí i létí, orin tí kò lọ síbì kan tí kò sì bọ̀ láti ibì kan. Nígbà tó yá, omi yọ lójú àgùntàn náà, ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mu. Mo mọ̀ pé àlàyé wà. Mi ò wá a.

Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹta

Mẹ́sàn-án kẹsàn-án parí lánàá. Orí òkè ti dúdú. Bàbá mi dé lónìí, pẹ̀lú ọ̀pá méjì.

Ó ka ẹran kó tó mu tíì. Tiwa ku igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, láì ka àwọn ọmọ. Ti Bàbá Yadam jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Bàbá mi jókòó sí àyè àlejò, ó wo gbogbo àgọ́ Bàbá Yadam yíká bí olówó tó wá wo ilé tí ó kọ́ fún ìbátan.

"Má dúpẹ́, Yadam," ló wí. "Bí ènìyàn bá ní, ó yẹ kó ṣe aládùúgbò lóore."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá Yadam wí.

"Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún méje sẹ́yìn, mo ti gbàgbé."

"O ṣeun."

Horloo ń wò mí. Ìyá àgbà ń wo tíì. Bàbá Yadam sì jókòó síbẹ̀, ó ń gba ìdáríjì gbèsè tí kò jẹ, nítorí tèmi. Bó bá jẹ́ pé ó wò mí ni, bóyá ǹ bá dákẹ́. Kò wò mí.

"Bàbá mi," ni mo wí, "ọgbà wa kò ní ibùsùn. Mo ta á kí yìnyín tó bọ́. Mẹ́tàlélógún ti kú kí Bàbá Yadam tó gbà wá. Àwọn ló ṣe wá lóore."

Bàbá mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí a fi ẹṣin gbé òun lọ sí ibùdó wa. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó dúró sínú ọgbà wa, ó fi orí ọ̀pá kan ilẹ̀. Ilẹ̀ dún bí àwo.

"Ibùsùn bàbá mi," ló wí.

"Ẹ má bínú, sà."

Bàbá mi yíjú sí Bàbá Yadam. "O mọ̀, lórí òkè yẹn, nígbà tó o ń bẹ̀ mí."

"Mo mọ̀."

"O sì jẹ́ kí n máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ìdí rẹ ń dùn ọ́. Mo ní kí nǹkan kan lára rẹ má dùn ọ́."

Bàbá mi tún fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ọdún mélòó ni yóò gbà kí òmíràn tó nípọn?"

"Ọdún mẹ́wàá," ni Bàbá Yadam wí.

"Mẹ́jọ."

"Pẹ̀lú ewúrẹ́ tó pọ̀ tó báyìí? Mẹ́wàá."

"Mẹ́jọ. Mo mọ ohun tí àgùntàn mi lè yà."

Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí a padà dé ẹ̀yìn òkè. Kò sí èyí tó béèrè ibi tí ẹran wa máa sùn láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ìyá àgbà ti ń ní kí Horloo sún àgọ́ wọn sẹ́yìn díẹ̀, kí tiwa lè rí oòrùn àárọ̀.